Íápíìsì fún ẹgbẹ́ olórin kékeré: ibi tó yẹ kí owó yín kọ́kọ́ lọ

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè kan, màmá mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ilé ìdáná, mi ò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pè. Kì í ṣe pé mo ń sùn o. Etí mi ló ń hó. Ó ti ń hó yee láti òru Sátidé tí a ti òde ìnáwó kan dé ní Ìbàdàn, kò sì dákẹ́ títí di ọ̀sán Mọ́ńdè.

Èmi ni mo ń ta báàsì gìtá nínú ẹgbẹ́ wa. Ènìyàn méje ni wá: akọrin wa obìnrin, ẹlẹ́gbè méjì, ẹni tó ń tẹ kííbọ́ọ̀dù, ẹni tó jókòó ti ìlù òyìnbó, èmi, àti Bàbá Onílù tó ń lu gángan. Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ máa ń yí lọ sí ọwọ́ ọ̀tún wọn ni, torí etí òsì ti lọ. A máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ láàárín ara wa. Sọ́ńdè yẹn, ẹ̀fẹ̀ náà ò dùn mọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn la pinnu pé a máa pa mọ́nítọ̀ ilẹ̀ tì, ká máa fi íápíìsì gbọ́ ara wa lórí ìtàgé bí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ṣe ń ṣe. Owó wa ò pọ̀. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà nídìí rẹ̀, torí tí mo bá ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ni, owó tí mo fi ṣòfò ò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ogun orí ìtàgé

Sípíkà ńlá tó wà lóde páátì, àwọn àlejò ló kọjú sí, kò kọjú sí àwa tí a ń ṣeré. Ṣùgbọ́n àwa náà nílò láti gbọ́ ara wa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé sípíkà kékeré kalẹ̀ níwájú wa, tó dojú sókè sí wa. Òun là ń pè ní mọ́nítọ̀.

Ẹ wá wo bí ó ṣe máa ń lọ. Onílù òyìnbó á bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, á lù ú kíkankíkan. Èmi ò ní gbọ́ báàsì mi mọ́, mo bá yí ti èmi sókè. Kííbọ́ọ̀dù náà á yí tirẹ̀ sókè. Akọrin ò gbọ́ ara rẹ̀, ó ní kí ẹnjiníà fi kún un. Ẹnjiníà fi kún un, ohùn tó jáde nínú mọ́nítọ̀ padà wọ inú máìkì, ó tún jáde, ó tún wọlé, máìkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Ẹnjiníà sáré dín in kù. Akọrin bá ń fi ọ̀fun pariwo.

Kì í ṣe ẹ̀bi akọrin. Dókítà ará Faransé kan, Étienne Lombard, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1911: tí ariwo bá yí ènìyàn ká, ohùn rẹ̀ á lọ sókè fúnra rẹ̀, onítọ̀hún ò tiẹ̀ ní mọ̀. Gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀ ni ohùn akọrin wa máa ń há, a sì máa ń rò pé omi tútù ló fà á.

Mo yá iPhone ọ̀rẹ́ mi kan, mo gbé áàpù tí àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà ṣe fún wíwọn ariwo sórí rẹ̀ (ọ̀fẹ́ ni), mo sì gbé e sí ibi tí mo máa ń dúró sí nígbà tí a ń ṣe ìgbáradì. Ó ń fò láàárín 101 sí 105 dB. Ká kúkú pè é ní 103.

Nǹkan kan wà nípa dB tó máa ń tan ènìyàn. Kò dà bíi kílò tàbí mítà. Tí ó bá fi 3 lé, agbára ìró náà ti di ìlọ́po méjì. Tó bá fi 10 lé, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá. NIOSH fi gbèdéke lélẹ̀ pé 85 dB fún wákàtí 8 lóòjọ́ ló yẹ kí etí rí mọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti fi 3 kún un, ẹ pín àkókò sí méjì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2, 94, wákàtí 1, 97, ìṣẹ́jú 30, 100, ìṣẹ́jú 15. Ní 103, ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ péré ni. Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ bí òde ìnáwó wa ṣe máa ń pẹ́ tó. Wákàtí márùn-ún la sábà máa ń ṣeré. Mo ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá máa ṣeré wákàtí márùn-ún, nǹkan bí 87 dB ni kó máa gbọ́. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ká tó kọ orin kejì tán, a ti ná gbogbo ìpín ọjọ́ náà tán.

Níbo ló ń ná an sí? Nínú etí lọ́hùn-ún, nǹkan kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Omi wà nínú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní irun tín-ín-tín lórí sì tò síbẹ̀, nǹkan bí 15,000 ní etí kọ̀ọ̀kan. Ìró á mi omi náà, omi á tẹ irun, sẹ́ẹ̀lì á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ẹ ó ní ẹ gbọ́ orin. Tí ariwo bá pọ̀ jù, á wó irun náà lulẹ̀ bí ìgbà tí ìjì bá wọ oko àgbàdo. Ti adìyẹ máa ń hù padà. Ti ènìyàn kì í hù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí etí òsì Bàbá nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, láti òde dé òde, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n lè nàka sí pé ọjọ́ náà ni.

Íápíìsì àti iṣẹ́ rẹ̀ méjì

Ọ̀pọ̀ wa rò pé iṣẹ́ íápíìsì ni láti mú orin wọ etí. Ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìdajì kejì, èyí tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù, ni láti dí etí.

Ẹ bá mi ṣírò. Tí íápíìsì bá dí etí dáadáa, ó lè gé ariwo ìta kù ní 20 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. 103 wa á di 83, kí orin kankan tó dún nínú íápíìsì náà rárá. Ẹ ó wá yí tiyín sókè díẹ̀, kó ṣáà borí 83, ó tán. Ṣùgbọ́n tí kò bá dí etí, 103 á wọlé bó ṣe wà, ẹ ó sì máa yí i sókè kó lè borí 103. Ní báyìí ẹ ti ń da 106 sínú etí yín, láti ibi tí kò jìnnà sí ìlù etí ju ìwọ̀n èékánná ọwọ́ lọ. Ní 106, ìṣẹ́jú mẹ́rin ò pé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ì bá kúkú dúró ti mọ́nítọ̀ ilẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní ẹgbẹ̀rún náírà mẹ́wàá tó ṣẹ́kù, ẹ má fi kún owó íápíìsì. Ẹ fi ra oríṣiríṣi rọ́bà àti fóòmù tó ń wà lẹ́nu íápíìsì, títí ẹ ó fi rí èyí tó bá etí yín mu rẹ́gí. Àwọn tó lówó máa ń lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ etí, wọ́n á wọn ihò etí wọn, wọ́n á ṣe íápíìsì tó jẹ́ tiwọn nìkan. Ní 1995, Jerry Harvey tó ń bójú tó mọ́nítọ̀ fún ẹgbẹ́ Van Halen ṣe irú èyí fún Alex Van Halen, onílù wọn. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Ultimate Ears ti bẹ̀rẹ̀. Owó irú ìyẹn ò sí lápò wa, ẹ jẹ́ ká padà sórí rọ́bà.

Báyìí ni kí ẹ ṣe dán an wò. Tó bá jẹ́ etí ọ̀tún, ẹ gbé ọwọ́ òsì gba ẹ̀yìn orí, ẹ fa etí náà sókè díẹ̀ sẹ́yìn, kí ihò rẹ̀ lè tọ́. Ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún ti íápíìsì wọlé, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi orin tí báàsì rẹ̀ pọ̀ sí i láti orí fóònù, kó rọra máa dún. Tí báàsì ò bá sí níbẹ̀, tí orin náà ń dún bíi rédíò kékeré, etí ò tíì dí. Ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ tí àlàfo bá wà. Tí báàsì bá wà, ẹ la ẹnu gbàgà, ẹ kọrin, ẹ yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ihò etí máa ń yí padà tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, torí náà akọrin lè rí íápíìsì tó bá a mu nígbà tó dákẹ́, kó já bọ́ nígbà tó bá ń kọrin. Ẹ má sì rò pé etí méjèèjì dọ́gba. Èmi, ìwọ̀n àárín ni mo ń lò lọ́tùn-ún, ìwọ̀n ńlá lósì. Oṣù méjì ni mo fi ń fi àárín sí méjèèjì tí mò ń bú íápíìsì.

Fóòmù máa ń dí ju rọ́bà lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ ó fi ìka rún un kó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó tì í wọlé, ẹ ó dì í mú títí á fi wú kún ihò etí. Àléébù rẹ̀ ni pé òógùn máa ń bà á jẹ́, ẹ ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti íápíìsì gan-an, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iye dírafà tàn yín. Wọ́n á ní èyí ní dírafà márùn-ún, èyí ní mẹ́jọ. SE215 ti Shure, tí àwọn olórin ti ń lò tipẹ́, ẹyọ kan ló ní ní etí kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ náà ní ó lè gé ariwo dé 37 dB, ìyẹn nígbà tó bá wọ etí rẹ́gí o. Owó rẹ̀ wọ̀n díẹ̀. Àwọn KZ tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà pọ́ jù ú lọ dáadáa, wọ́n sì ń dún dáadáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ní ihò kékeré lára tí afẹ́fẹ́ ń gbà, torí náà wọn kì í sábà dí ariwo bíi ti Shure. KZ ni mẹ́ta nínú wa ń lò, fóòmù la fi ràn án lọ́wọ́. Ohun méjì tí mo máa ń wò ni pé kí wáyà rẹ̀ gba ẹ̀yìn etí kọjá, kó má máa fà á yọ, àti kí wáyà náà ṣeé yọ, torí wáyà ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Mo rí íápíìsì tó ní orúkọ ńlá lára ní ìdá kan nínú mẹ́ta iye tó yẹ kó jẹ́, mo rà á kíá bí ọlọ́gbọ́n. Etí òsì rẹ̀ kú kí oṣù tó pé. Mi ò dárúkọ ẹni tó tà á.

Ẹ jọ̀ọ́, Bluetooth kọ́

Ẹlẹ́gbè wa kan ló dábàá pé ṣebí gbogbo wa la ní íápíìsì Bluetooth nílé, kí la tún ń ra òmíràn fún? Ìbéèrè gidi ni, ẹ jẹ́ ká dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò.

Kí Bluetooth tó gbé orin lọ, á kọ́kọ́ dì í bí ẹrù, á fi ránṣẹ́, íápíìsì á tú u. Èyí máa ń gba àkókò, ó sábà máa ń tó 100 sí 200 mìlísẹ́kọ́ǹdù, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mìlísẹ́kọ́ǹdù ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá ń wo fíìmù, fóònù á dá àwòrán dúró díẹ̀ kó lè bá ohùn mu, ẹ ò ní mọ̀. Orí ìtàgé ò ṣeé dá dúró.

Ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú 200 mìlísẹ́kọ́ǹdù, á ti rin mítà 68. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fi Bluetooth gbọ́ ìlù dà bí ẹni tó dúró sí òpin pápá bọ́ọ̀lù kan, tí onílù rẹ̀ wà níwájú dáadáa ju àárín pápá lọ, tí àwọn méjèèjì ní àwọn ń ṣeré pọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ "gaming" sí lára, tí wọ́n ní 40 mìlísẹ́kọ́ǹdù ni tàwọn. Mítà 13 ó lé nìyẹn. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ta báàsì pẹ̀lú onílù tó wà ní mítà 13 sí yín, ẹ ó rí i bí ọwọ́ yín ṣe máa wúwo.

Èyí tí kò ní wáyà tí wọ́n dìídì ṣe fún orí ìtàgé yàtọ̀. Àwọn tó ń lo 2.4 GHz, bíi Xvive U4, kì í ju nǹkan bíi 5 mìlísẹ́kọ́ǹdù lọ, ìyẹn mítà kan àti díẹ̀. Àwọn UHF àtijọ́ tí kì í ṣe dígítà ò tiẹ̀ ń pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iye wọn ná. Owó tí gbogbo wa dá jọ, ṣebí ọkọ̀ kan la fẹ́ fi wọ̀.

Ibí yìí ni mo ti rí ohun tí mo rò pé ó ràn wá lọ́wọ́ jù. Mo wo ìtàgé wa, mo bi ara mi pé: nínú wa, ta ló tiẹ̀ ń rìn? Onílù òyìnbó jókòó. Kííbọ́ọ̀dù ò kúrò lójú kan. Èmi, wáyà gìtá ti so mí mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbè, máìkì wọn ní wáyà, orí irin ni máìkì náà sì wà. Àfi akọrin nìkan ló ń jó yíká. Ẹni tí wáyà kan ti so mọ́lẹ̀, wáyà kejì ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi téèpù so wáyà íápíìsì mi mọ́ wáyà gìtá mi láti òkè dé ilẹ̀, mo gbà á lábẹ́ ẹ̀wù láti ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Nítorí náà wáyà la lò. Fún èmi àti ẹni tó ń tẹ kííbọ́ọ̀dù, P2 ti Behringer, àpótí kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ bẹ́líìtì, bátìrì AAA méjì ló ń lò. Fún àwọn ẹlẹ́gbè méjèèjì àti onílù òyìnbó, HA400 ti Behringer kan ṣoṣo. Ènìyàn mẹ́rin ló lè ki íápíìsì bọ̀ ọ́, oníkálukú sì ní ibi tó ti lè yí tirẹ̀ sókè sódò. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa gbọ́ ṣá o, ìyẹn ò sì ṣèdíwọ́ fún wọn. Wọ́n jọ ń jà lórí iye ìlù tó yẹ kó wà níbẹ̀, ìjà ẹ̀rín ni.

Ohun kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wá lójú rú: ohùn tó jáde láti inú mixer sí ọ̀nà mọ́nítọ̀, ohùn ẹyọ kan ni, íápíìsì sì jẹ́ ti etí méjì. Tí ẹ bá kàn ki wáyà lásán bọ̀ ọ́, etí kan ṣoṣo lè máa dún. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta wáyà pé ẹ fẹ́ èyí tó ń pín mono sí méjèèjì. Lára P2, ibi kan wà tí ẹ ó ti yí i sí mono.

Lára mixer, ẹ wá ọ̀nà tí wọ́n kọ "Mon" tàbí "Aux Pre" sí. Ìtumọ̀ "Pre" ni pé ohun tó ń lọ sí etí yín kì í tẹ̀lé ọwọ́ ẹnjiníà nígbà tó bá ń gbé ohùn àwọn àlejò sókè sódò. Tí ẹ bá lo èyí tí wọ́n kọ "FX" sí, gbogbo ìgbà tí ẹnjiníà bá fi kún ohùn akọrin fún àwọn tó ń jó, á bú gbàù sínú etí yín. Ẹgbẹ́ tó bá ní owó díẹ̀ sí i lè ronú nípa mixer bíi XR18 ti Behringer: ọ̀nà mọ́nítọ̀ mẹ́fà ló ní, oníkálukú á fi fóònù rẹ̀ ṣètò tirẹ̀. A ò tíì débẹ̀.

Nígbà tí gángan ń sọ̀rọ̀ tí a ò gbọ́

Òde àkọ́kọ́ tí a lo gbogbo rẹ̀, ìgbéyàwó ni. Mo gbọ́ báàsì mi kedere fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo ń rẹ́rìn-ín. Akọrin ò pariwo. Ẹnjiníà ò sáré kiri.

Nǹkan bí àárín eré, bàbá àgbàlagbà kan wọlé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Bàbá Onílù dá a mọ̀, wọ́n fi gángan pe oríkì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ òde Yorùbá mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀lé e: akọrin á gbà á lẹ́nu ìlù, á fi orúkọ náà sínú orin, ẹni náà á yọ síwájú. Ó yọ síwájú lóòótọ́. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akọrin wa ń bá orin tirẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyàwó. Bàbá tún pè é. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Mo rí ọwọ́ Bàbá tó ń lù, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ọkùnrin náà dúró díẹ̀, ó lọ jókòó.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń bọ̀, Bàbá ò bínú, wọ́n kàn bi wá pé: "Ẹ ti di etí yín. Ta ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀?"

A ò fún gángan ní máìkì kankan nínú ètò wa, torí pé tẹ́lẹ̀, gbogbo wa ló ń gbọ́ ọ láti ibi tí Bàbá dúró sí. Ọ̀rọ̀ gángan sì wà nínú ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti bí ohùn náà ṣe ń fà láti ọ̀kan sí èkejì nígbà tí wọ́n bá fún ọṣán. Kò ní "b" tàbí "k" tí a lè fi méfò. Tí a bá gé 20 dB kúrò lára rẹ̀, tí báàsì àti kííbọ́ọ̀dù tún ń dún nínú etí, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ohun tí akọrin kọ́kọ́ ṣe ní òde kejì ni pé ó yọ íápíìsì etí kan. Ẹ máa rí ọ̀pọ̀ akọrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó burú fún etí méjèèjì. Ọpọlọ máa ń pa ohun tí etí méjèèjì gbọ́ pọ̀, torí náà tí ẹyọ kan bá kù, orin á dà bíi pé ó lọ sílẹ̀, ẹ ó yí i sókè. Etí tó ní íápíìsì ń jẹ àjẹjù, etí tó ṣí sílẹ̀ ń jẹ 103.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni máìkì méjì. A gbé ọ̀kan ka orí irin ní ìwọ̀n ìbàdí níbi tí Bàbá máa ń dúró sí, a sì bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá fẹ́ pe ẹnìkan, kí wọ́n padà síbẹ̀. Gángan ló wá ń dún jù nínú etí akọrin, lẹ́yìn ohùn òun fúnra rẹ̀. A gbé èkejì sí etí ìtàgé, ó kọjú sí àwọn àlejò, kí a lè gbọ́ ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ wọn. Èyí ò gbọdọ̀ jáde nínú sípíkà ńlá o, inú íápíìsì nìkan. Tó bá jáde, á han gooro. Kí a tó ṣe é, ó ń ṣe wá bíi pé a wà nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀.

Akọrin tún ní ẹjọ́ kan: ó ní ohùn òun ń dún nínú orí òun bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú àgbá. Òótọ́ ni. Ohùn wa máa ń gba inú egungun orí dé etí, ó sì máa ń rí ọ̀nà jáde; tí a bá dí ẹnu ihò etí, ó há síbẹ̀. Tí íápíìsì bá wọlé jìn díẹ̀ sí i, ó máa ń dín kù. Ẹnjiníà tún gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò nínú ohun tó ń fi ránṣẹ́ sí i. Ó tó oṣù kan kó tó mọ́ ọn lára.

Bàbá ò fẹ́ íápíìsì, wọn ò sì nílò rẹ̀, abẹ́ apá wọn ni ìlù wọn wà. Ohun tí a rà fún wọn ni ohun ìdí-etí tí wọ́n ṣe fún olórin, tó ń dín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kù bákan náà, kí ìlù má baà dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Wọ́n ń fi sí etí ọ̀tún, èyí tó kù.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí mo máa ń rán àwọn ará wa létí. Kí gbogbo wáyà wọlé tán, kí gbogbo ohun tí ń yí sókè wà ní òdo, kí ẹnikẹ́ni tó ki íápíìsì sí etí. Tí máìkì bá já bọ́ lórí ìtàgé, mọ́nítọ̀ ilẹ̀ ṣì jìnnà sí etí, íápíìsì ò jìnnà. Ẹ bi ẹnjiníà bóyá limiter wà ní ọ̀nà yín, òun ló máa ń dá ìró òjijì dúró. Bátìrì tuntun ní gbogbo òde, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó ṣẹ́kù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ máa nu íápíìsì lẹ́yìn eré torí òógùn àti ìdọ̀tí etí máa ń dí ẹnu rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ má yá ara yín lò.

Ọ̀la ni akọrin wa fẹ́ lọ dán èyí tí kò ní wáyà wò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ tà tiwọn. Ti 2.4 GHz ni, ojú ọ̀nà kan náà ni òun àti Wi-Fi ń tọ̀, mo sì ti sọ fún un pé kó má dán an wò nínú yàrá. Kó gbé e lọ sí gbọ̀ngàn tí èrò wà, níbi tí ọgọ́rùn-ún fóònù ti tan hotspot sílẹ̀, kó jó jìnnà sí ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sí, kí Bàbá sì máa lu gángan. Tó bá gbọ́ gbogbo orúkọ tí Bàbá pè, a ó san owó náà.